Iṣẹ́ Oúnjẹ àti Ọtí Títà Gẹ́gẹ́ Bí Atọ́ka Ọrọ̀-Ajé Agbègbè: Ìtàn Ìkirè àti Àpòmù

Àṣàmọ̀

Iye ènìyàn tí ilé oúnjẹ àti ilé ọtí gbà síṣẹ́ jẹ́ ọ̀kan lára ohun tí àwọn onímọ̀ ọrọ̀-ajé fi ń mọ bí owó ṣe ń rìn ní agbègbè kan. Ní ilẹ̀ wa, níbi tí orúkọ ọ̀pọ̀ olóúnjẹ kò ti sí nínú ìwé ìjọba, ìsọ̀ àti búkà ni a sábà máa ń kà dípò ènìyàn. Iṣẹ́ yìí yẹ ìtàn Ìkirè àti Àpòmù wò láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún títí di òde òní. Èrò tí a gbé kalẹ̀ ni pé iye ìkòkò tó wà lórí iná àti iye ọwọ́ tí a ń sanwó fún kì í ṣe ohun kan náà. Nígbà tí nǹkan bá ṣẹnuure, ọwọ́ ni ó ń pọ̀ sí i nídìí ìkòkò. Nígbà tí nǹkan bá le, ìkòkò ni ó ń pọ̀ sí i, tí ọwọ́ ń dínkù nídìí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ẹni tó bá ka ìkòkò nìkan lè pe ìyà ní ọrọ̀.

Ìfáárà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. Òwe yìí sọ ohun tí oúnjẹ jẹ́ sí ẹni tó ń jẹ ẹ́. Ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò níbí ni ohun tí oúnjẹ jẹ́ sí ẹni tó ń sè é tà, àti ohun tí ìlú lè mọ̀ nípa ara rẹ̀ bí ó bá wo irú ẹni bẹ́ẹ̀ fínnífínní.

Ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń ṣe ìṣirò iṣẹ́ àti òṣìṣẹ́ máa ń gbé iye àwọn tó wà lẹ́nu iṣẹ́ jáde ní oṣooṣù. Ìsọ̀rí kan wà nínú ìṣirò náà fún ilé oúnjẹ àti ilé ọtí, àwọn onímọ̀ sì máa ń fi ọkàn sí i. Ìdí mẹ́ta ni a lè tọ́ka sí. Èkíní, oúnjẹ tí a rà jẹ níta wà lára ohun tí ènìyàn kọ́kọ́ máa ń dínkù bí owó bá wọ́n, nítorí ó lè padà sídìí ààrò tirẹ̀. Èkejì, ẹni tó ni ilé oúnjẹ lè gba òṣìṣẹ́ lónìí kí ó sì dá a dúró lọ́la. Kò dà bí ilé-iṣẹ́ ńlá tí yóò fi oṣù púpọ̀ ronú. Ẹ̀kẹta, abọ́ ìrẹsì gbígbóná kò ṣe é kó wá láti ọ̀nà jíjìn, nítorí náà, ẹni tó ń bù ú fún oníbàárà gbọ́dọ̀ wà níbi tí owó oníbàárà wà.

Ìdí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá ilẹ̀ Yorùbá mu pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ìṣòro wà nínú bí a ṣe ń kà á. Ní 2023, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ìṣirò yí ìlànà tí ó fi ń ka àwọn tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́ padà. Lábẹ́ ìlànà àtijọ́, ìdá 33.3 nínú ọgọ́rùn-ún ni ó kéde pé kò níṣẹ́ ní ìparí 2020. Lábẹ́ ìlànà tuntun, tí ó ka ẹni tó bá ṣe iṣẹ́ fún wákàtí kan péré láàárín ọ̀sẹ̀ sí ẹni tó níṣẹ́ lọ́wọ́, iye náà di ìdá 4.1 ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ 2023. Àjọ kan náà fi hàn pé ó lé ní ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn òṣìṣẹ́ tó wà nínú iṣẹ́ tí kò sí lábẹ́ ètò ìjọba. Ẹni tí wọ́n dá dúró lẹ́nu iṣẹ́, tó wá ń yan àgbàdo lẹ́bàá títì, ti di ẹni tó níṣẹ́ lọ́wọ́. Kò sí irọ́ nínú èyí, nítorí iṣẹ́ ni àgbàdo yíyan. Ṣùgbọ́n bí a bá fẹ́ mọ̀ bóyá agbègbè kan ń gòkè tàbí ó ń rẹlẹ̀, a níláti mọ ohun tó gbé ẹni náà dé ìdí ààrò.

A yan Ìkirè, olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ìrẹ́wọlé, àti Àpòmù, olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ìṣọ̀kan, nítorí pé ìlú ojú ọ̀nà ni wọ́n láti ìgbà pípẹ́, àti nítorí pé oúnjẹ kan gbé orúkọ Ìkirè dé ibi tí ọ̀pọ̀ ará ibẹ̀ kò dé rí.

Ọjà Àpòmù ṣáájú ìjọba amúnisìn

Nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí Samuel Johnson kọ, tí a tẹ̀ jáde ní 1921, ọjà ńlá ni Àpòmù jẹ́ ní ilẹ̀ Ifẹ̀. Ibẹ̀ ni àwọn oníṣòwò Ọ̀yọ́, Ifẹ̀, Òwu àti Ìjẹ̀bú ti máa ń pàdé. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń jí àwọn ará Ọ̀yọ́ gbé tà sí oko ẹrú, ọ̀rọ̀ yìí ni ó sì mú kí Òwu kọlu àwọn ìlú kan ní ilẹ̀ Ifẹ̀, tí Àpòmù àti Ìkirè wà lára wọn. Johnson sọ pé asọ̀ lórí ataare nínú ọjà Àpòmù wà lára ohun tó tanná ran ogun Òwu, èyí tí a sábà máa ń fi ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ sí nǹkan bí ọdún 1821.

Àwọn òpìtàn ti sọ̀rọ̀ púpọ̀ lórí ogun yìí. Ohun tó kàn wá níbí ni ọjà náà fúnra rẹ̀. Ẹni tó ru ẹrù láti Ìjẹ̀bú tàbí láti Ọ̀yọ́ wá sí Àpòmù kò ru ààrò wá. Ẹ̀kọ, àkàrà, ọ̀lẹ̀lẹ̀, iyán àti ẹmu ni oúnjẹ àti ohun mímu èrò, a kò sì lè ro ọjà bẹ́ẹ̀ láìsí àwọn tó ń tà wọ́n. Ṣùgbọ́n ta ni ó ń lọ ògì fún ẹlẹ́kọ? Kì í ṣe ẹni tí a ń sanwó fún lóṣooṣù. Àwọn ọmọ, àwọn ìyàwó ilé, ìwọ̀fà àti ẹrú ni. Ìwọ̀fà, gẹ́gẹ́ bí Johnson náà ti ṣàlàyé, ni ẹni tó ń fi iṣẹ́ ara rẹ̀ sin olówó títí di ọjọ́ tí a ó san gbèsè tán. Nítorí náà, ọwọ́ púpọ̀ nídìí ìkòkò nígbà náà kò túmọ̀ sí pé owó iṣẹ́ ń wọlé fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ó lè túmọ̀ sí pé gbèsè pọ̀ ní ìlú.

Ẹ̀kọ́ kìíní tí ìtàn yìí kọ́ wa nìyí: kí a tó lè lo iye òṣìṣẹ́ olóúnjẹ gẹ́gẹ́ bí atọ́ka, a gbọ́dọ̀ mọ irú àdéhùn tó so ọwọ́ mọ́ ìkòkò. Ẹ̀kọ́ kejì ni pé bí ọ̀nà bá dàrú, olóúnjẹ ni yóò kọ́kọ́ mọ̀. Ibi tí wọ́n bá ti ń jí èrò gbé, èrò yóò yẹra fún ibẹ̀, ẹ̀kọ yóò sì kù sílẹ̀ fún ẹlẹ́kọ.

Kòkó, ọ̀nà ọkọ̀ àti dòdò Ìkirè

Ọkọ̀ ojú irin láti Èkó dé Ìbàdàn ní 1901, ó sì dé Òṣogbo ní 1907, ṣùgbọ́n kò gba Ìkirè kọjá. Títì ọkọ̀ láti Ìbàdàn sí Ifẹ̀ ni ó sọ Ìkirè di ibi tí èrò ń dúró sí. Kòkó ni ó kọ́kọ́ mú kí títì náà nílárí. Nígbà tí Galletti, Baldwin àti Dina ṣe ìwádìí wọn nípa àwọn ìdílé àgbẹ̀ kòkó ní ilẹ̀ Yorùbá ní 1951 sí 1952, èyí tí a tẹ̀ jáde ní 1956, kòkó ti di igi lẹ́yìn ọgbà fún agbègbè yìí. Àjọ tó ń ra kòkó, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1947 tí ó sì di ti Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn ní 1954, ni ó ń dá iye owó lé e.

Owó kòkó ní àsìkò tirẹ̀. Láti nǹkan bí oṣù Ọ̀wàrà títí wọ inú ọ̀gbẹlẹ̀ ni ìkórè pọ̀ jù. Àwọn alágbàṣe láti ilẹ̀ Ìgbìrà, Àgàtú àti òkè Ọya ń wá sí oko kòkó, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì mú aya wá. Irú àwọn bẹ́ẹ̀ ni oníbàárà olóúnjẹ: wọ́n ní owó díẹ̀ lọ́wọ́, wọn kò sì ní ààrò. Àṣà ìwọ̀fà sì ń kógbá sílé lákòókò yìí. Bẹ́ẹ̀ ni olóúnjẹ tí ọmọ rẹ̀ kò tó ó lò bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tí yóò máa sanwó fún: ẹni tí yóò pọnmi, ẹni tí yóò gúnyán, ẹni tí yóò fọ abọ́. Ìgbà yìí ni ọwọ́ nídìí ìkòkò tó di ohun tí a lè fi mọ bí owó ṣe ń rìn.

Dòdò Ìkirè yẹ ní gbólóhùn mélòó kan tirẹ̀. Àgbagbà tó ti pọ́n rà ni wọ́n ń fi ṣe é. Wọn a gún un, wọn a po ata àti iyọ̀ mọ́ ọn, wọn a sì dín in nínú epo pupa títí yóò fi dúdú. Ìtàn àtẹnudẹ́nu kan sọ pé aláìní kan tí kò fẹ́ da ọ̀gẹ̀dẹ̀ rẹ̀ tó ti rà nù ni ó kọ́kọ́ dán an wò. Bóyá bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìtàn náà mọ ohun kan dájú: àìní lè dá ìkòkò sílẹ̀. Ohun mìíràn tó yẹ ní kíkíyèsí ni pé dòdò yìí kì í tètè bàjẹ́. Ó ń rìn dé Ìbàdàn àti Ifẹ̀ nínú igbá àwọn tó ń kiri nídìí ọkọ̀. Nítorí náà, ó yàtọ̀ sí abọ́ ìrẹsì tí a mẹ́nu bà nínú ìfáárà. Iye àwọn tó ń dín in ń sọ fún wa bí ọkọ̀ ṣe ń kọjá, kì í ṣe bí owó ṣe wà lọ́wọ́ àwọn ará Ìkirè gan-an. Alámàlà tó wà nínú àdúgbò ni ó ń sọ èyí.

Epo rọ̀bì, bíà àti ọ̀nà márosẹ̀

Ní 1949 ni ilé-iṣẹ́ Nigerian Breweries, tí a dá sílẹ̀ ní 1946, gbé ìgò bíà rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní Èkó. Ní 1978, ilé-iṣẹ́ International Breweries bẹ̀rẹ̀ sí í pọn bíà ní Iléṣà, lójú ọ̀nà kan náà tó gba Ifẹ̀ àti Ìkirè lọ sí Ìbàdàn. Láàárín ọdún méjèèjì yìí ni ilé ọtí yípadà ní agbègbè wa.

Ìyàtọ̀ wà láàárín ilé ẹlẹ́mu àti ilé bíà. Adẹ́mu ń gun ọ̀pẹ fúnra rẹ̀, aya rẹ̀ tàbí oníbàárà rẹ̀ kan ń tà á. Àga onípákó àti igbá tó. Ilé bíà nílò ẹ̀rọ amómitutù, iná mànàmáná, àga, orin, ẹlẹ́ran sísun tàbí alásun lẹ́nu ọ̀nà, àti àwọn ọ̀dọ́ tó ń gbé ìgò fún oníbàárà. Ó ń gba ọwọ́ púpọ̀ ju ilé ẹlẹ́mu lọ. Àwọn tó sì ń mu ún ni àwọn tí owó ń wọlé fún ní ọjọ́ tí wọ́n mọ̀: olùkọ́, akọ̀wé ìjọba ìbílẹ̀, awakọ̀. A lè sọ pé ilé ẹlẹ́mu ń sọ ti owó oko, ilé bíà ń sọ ti owó oṣù.

Owó oṣù náà pọ̀ sí i ní àkókò yìí. Yunifásítì Ifẹ̀ kó láti Ìbàdàn lọ sí Ilé-Ifẹ̀ ní 1967, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti olùkọ́ sì di èrò ojú ọ̀nà. Àfikún owó oṣù tí ìgbìmọ̀ Udoji dábàá ní 1974 dé ọwọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ 1975, pẹ̀lú àjẹsílẹ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ọ̀nà márosẹ̀ onílà méjì dé, ọkọ̀ tó ń sáré lọ sí Ifẹ̀ kò sì níláti gba àárín ìlú mọ́. Irú ìyípadà báyìí ń kọ́ ẹni tó ń ṣe ìṣirò lọ́gbọ́n. Bí búkà kan bá kógbá sílé láàárín ìlú tí òmíràn sì hù lẹ́bàá márosẹ̀, iye búkà kò yí padà. Ṣùgbọ́n agbúnyán tó ń gbé àdúgbò, tó ń fẹsẹ̀ rìn lọ síbi iṣẹ́, lè ti pàdánù iṣẹ́ rẹ̀.

Ètò àtúntò ọrọ̀-ajé ti 1986 mú ìdíjú mìíràn wá. Ìjọba fòpin sí àwọn àjọ tó ń ra kòkó, náírà jábọ́, owó kòkó ní náírà sì fò sókè fún àgbẹ̀. Ní àkókò kan náà, owó oṣù òṣìṣẹ́ ìjọba kò rà tó bí ó ti ń rà tẹ́lẹ̀. Owó oko ń gòkè, owó oṣù ń rẹlẹ̀, nínú agbègbè kan náà. Ẹni tó bá da olóúnjẹ abúlé kòkó pọ̀ mọ́ ọlọ́tí ìgboro nínú ìṣirò kan ṣoṣo lè rò pé ohunkóhun kò ṣẹlẹ̀.

Láti 2012 títí di àkókò wa

Ní 2012, ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun gbòòrò sí ètò oúnjẹ ọ̀fẹ́ fún àwọn ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ètò tí a mọ̀ sí O-Meals. Ó lé ní 3,000 obìnrin tó ń sè oúnjẹ fún ètò náà káàkiri ìpínlẹ̀. Èyí jẹ́ ọ̀kan lára ìgbà díẹ̀ tí a ní iye olóúnjẹ nínú àkọsílẹ̀. Ṣùgbọ́n owó ìjọba ni ó gbé wọn dúró, kì í ṣe owó oníbàárà. Ní 2015, nígbà tí owó epo rọ̀bì já wálẹ̀, ọ̀pọ̀ oṣù kọjá tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kò fi gba owó oṣù wọn, a sì ń san ìdajì fún àwọn kan lẹ́yìn náà. Ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, olùkọ́ tó ń ra oúnjẹ ọ̀sán yóò bẹ̀rẹ̀ sí í gbé oúnjẹ wá láti ilé. Olóúnjẹ tó ní ọmọọṣẹ́ mẹ́ta yóò fi méjì sílẹ̀. Àwọn méjì náà kò ní jókòó lásán: ọ̀kan yóò gbé agbada àkàrà kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀, èkejì yóò máa ta ẹ̀wà. Ìkòkò kan ti di mẹ́ta. Bí agbowó-orí bá kọjá, yóò kọ ọ́ sílẹ̀ pé òwò ń gbèrú.

Àìsàn Kòrónà ní 2020 fi ìdí ọ̀rọ̀ yìí múlẹ̀ lọ́nà mìíràn. Láti ọjọ́ kẹrin oṣù Èbìbí títí di ìparí oṣù Òkúdù ọdún náà, ìjọba àpapọ̀ fòfin de ìrìnàjò láti ìpínlẹ̀ kan sí òmíràn. Ìkirè wà létí ààlà ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ọkọ̀ Ìbàdàn sì ni orísun oníbàárà rẹ̀. Ní oṣù mẹ́ta kejì ọdún náà, ọrọ̀-ajé Nàìjíríà lápapọ̀ dínkù pẹ̀lú ìdá 6.1 nínú ọgọ́rùn-ún sí ti ọdún tó ṣáájú. Ẹ̀ka ilé ìtura àti oúnjẹ dínkù pẹ̀lú nǹkan bí ìdá 40. Níbí, ìkòkò àti ọwọ́ dínkù pọ̀, nítorí ọ̀nà fúnra rẹ̀ ni a tì. Kò jọ ti 2015, nígbà tí ọ̀nà ṣí sílẹ̀ ṣùgbọ́n tí owó kò sí.

Lẹ́yìn tí ìjọba yọ ìrànwọ́ orí epo bẹtiróòlù ní oṣù Èbìbí 2023, owó ọkọ̀ àti owó oúnjẹ gbówó lórí gidigidi. Ní àárín 2024, ọ̀wọ́ngógó oúnjẹ lé ní ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún láàárín ọdún kan. Ní 2024 kan náà, owó kòkó ní ọjà àgbáyé kọjá 10,000 dọ́là fún tọ́ọ̀nù kan. Ìtàn 1986 tún padà wá: owó oko gòkè, owó oṣù kò tẹ̀lé e.

Bí ó ṣe yẹ kí a ka atọ́ka náà

Láti inú ìtàn yìí, a lè fa ìlànà mẹ́rin yọ. Ìkíní, ọwọ́ tí a ń sanwó fún ni kí a kà, kí a yà á sọ́tọ̀ sí ọmọ ẹni àti ìbátan tí a kò sanwó fún. Ìkejì, kí a ya olóúnjẹ tó ń tà fún èrò ojú ọ̀nà sọ́tọ̀ sí èyí tó ń tà fún ará ìlú. Ìkẹta, àkókò kan náà ni kí a fi wé ara wọn lọ́dọọdún. Ẹni tó bá ka búkà ní ọ̀sán oṣù Ràmàdáánì ní Ìkirè, tó sì fi wé àsìkò ìkórè kòkó, àwẹ̀ ni ó kà, kì í ṣe ọrọ̀-ajé. Ìkẹrin, kí a béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ìkòkò kalẹ̀ pé, “Kí ni ẹ ń ṣe tẹ́lẹ̀?” Bí ó bá fèsì pé òun ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ olóúnjẹ títí òun fi kó owó jọ, ìdàgbàsókè nìyẹn. Bí ó bá fèsì pé wọ́n ní kí òun lọ sinmi nílé ná, ìròyìn mìíràn ni ó mú wá.

Àgbálọgbábọ̀

A ti fi ìtàn Ìkirè àti Àpòmù hàn pé iṣẹ́ oúnjẹ àti ọtí títà jẹ́ atọ́ka tòótọ́ fún ọrọ̀-ajé agbègbè, ṣùgbọ́n pé kì í ṣe gbogbo ohun tó ń rú èéfín ni ó ń sọ ti ọrọ̀. Nínú iṣẹ́ tí Niara Sudarkasa ṣe nípa àwọn obìnrin Awẹ́, tí a tẹ̀ jáde ní 1973, oúnjẹ sísè tà wà lára iṣẹ́ tí obìnrin Yorùbá fi ń dúró lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Iṣẹ́ iyì ni. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí ìjọba ìbílẹ̀ gbé owó ìsọ̀ lé ìkòkò tí àìní dá sílẹ̀ bí ẹni pé èrè ni ó dá a sílẹ̀.

Ìṣirò tí a ń wí yìí kò gba owó ńlá. Akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ni méjì, pẹ̀lú ìwé àti kálàmù, lè rìn láti ibùdókọ̀ Ìkirè dé ọjà Àpòmù ní ọ̀sẹ̀ kan náà lọ́dọọdún, kí wọ́n sì kọ iye ọwọ́ tí a ń sanwó fún sílẹ̀. Lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, agbègbè náà yóò ní àkọsílẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ìlú tó tóbi jù ú lọ kò ní. Àwọn tó ń fọ abọ́ yóò sì ti wọ inú ìtàn, kì í ṣe àwọn tó ń jẹun nìkan.